Kí onílé tó ṣírò owó àjà, kó kọ́kọ́ ṣírò owó ìpìlẹ̀

Kò sí ìlú tí ènìyàn wọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní rí irú ilé yìí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, wọ́n kùn ún lọ́dà, ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí páànù rẹ̀, wọ́n ti da dẹ́kìn lé e, ọ̀pá irin yọ ṣóńṣó sókè, gbogbo rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa kán sí pálọ̀. Bí a bá béèrè ohun tó dé, ìdáhùn kan náà ni a óò gbọ́: owó ló tán.

Òótọ́ ni pé owó tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé owó náà kéré ló ń fà á nígbà gbogbo. Ohun tó ń fà á jù ni pé òkè ni onílé ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀. Ó béèrè iye bulọ́ọ̀kù, ó béèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta páànù, ṣùgbọ́n kò béèrè bóyá ilé tó wà nísàlẹ̀ lè gbé ohun tí òun fẹ́ gbé lé e lórí. Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, owó tí a óò fi wá ìdáhùn rẹ̀ ló sì yẹ kó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣirò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀, tótó ṣe bí òwe lójú ẹ̀yin àgbà.

Àwọn baba ńlá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú ilé alámọ̀ ayé àtijọ́, àjà wà lókè yàrá, lábẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo, ẹ̀gúsí àti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sí. Igi ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ẹrù tí wọ́n sì ń kó sí i kò ju ohun tí igi náà lè gbé lọ. Nígbà tí ilé olókè dé, láti ìgbà tí àwọn oníwàásù ìjọ CMS ti parí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí Badagry ní 1845, orúkọ àjà náà ni Yorùbá ń lò fún un: ilé alájà kan, ilé alájà méjì. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó ṣì kù ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde, pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, ògiri ìsàlẹ̀ wọn sì nípọn gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń po amọ̀ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé òkè ń bọ̀.

Ti òde òní yàtọ̀. Ilé ilẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, ilé ilẹ̀ ni wọ́n kọ́. Ó di ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó wá sọ pé kí wọ́n sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ ti wọ́n. Àwọn ọmọ ti di púpọ̀. Ọmọ kan tó wà ní òkè òkun fi owó ránṣẹ́. Baba fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ yàrá tí yóò máa mú owó ilé wọlé. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà kò gbọ́ ìpinnu tuntun yìí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí dẹ́kìn wúwo tó. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré onírin a máa wúwo tó kílógíráàmù 2,400. Bí a bá wá da dẹ́kìn tó nípọn ní ínṣì mẹ́fà lé orí yàrá kan ṣoṣo, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹrù tí a dì lé yàrá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù márùn-ún. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílógíráàmù 50. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ẹni kó àpò sìmẹ́ǹtì bí ọgọ́rùn-ún jọ sórí yàrá kan ni. A kò tíì ka ògiri òkè. A kò tíì ka ènìyàn àti ẹrù wọn. A kò tíì ka táǹkì omi lítà 1,000, tó jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko nígbà tó bá kún. Yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ńkọ́?

Kí ló wà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Igi òrùlé, páànù àti síìlì nìkan ni. Ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ ni kò ní òpó kọnkéré kankan láàárín ògiri rẹ̀. Bulọ́ọ̀kù ni wọ́n tò léra, bulọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà ni ti ẹlòmíràn, ìpìlẹ̀ tóóró tí wọ́n gbẹ́ tẹ̀lé ògiri ló sì gbé e dúró. Ní ti ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, ojú lásán ni sìmẹ́ǹtì náà. Amọ̀ ṣì ni ó ń gbé ilé. Kò sí ẹni tó yẹ kó da kọnkéré lé irú ògiri bẹ́ẹ̀ lórí, ìbáà jẹ́ pé ó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àìka nǹkan wọ̀nyí sí ti gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ènìyàn 116 ló kú, àlejò láti South Africa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ń fi àjà kún ilé náà lọ́wọ́ ni. Nígbà tí kóróńà tó wádìí ọ̀ràn náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Keje, ọdún 2015, ó ní àìlágbára egungun ilé náà ló wó o. Ilé ńlá ni ìyẹn, tí olówó ń kọ́. Bí irú ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni a óò sọ nípa ilé tí bíríkìlà kan àti lébìrà mẹ́ta dáwọ́ lé?

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní Ìlú Ọba. Àwọn kan nínú wọn ń sọ àjà abẹ́ òrùlé ilé wọn di yàrá, nítorí pé ó sàn ju kí wọ́n lọ ra ilé mìíràn lọ. Pákó ni wọ́n sì fi ń tẹ́ ẹ, kì í ṣe kọnkéré. Ní ilẹ̀ England, òfin fún onílé láàyè láti fẹ òrùlé ilé tó tò mọ́ ti aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì títí dé kúbíìkì mítà 40, àti 50 fún ilé tó dá dúró tàbí tó so mọ́ ẹyọ kan, láì gba ìwé àṣẹ ètò ìlú, bí ó bá ti pa àwọn ìlànà yòókù mọ́. Síbẹ̀ náà, òfin ìkọ́lé kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹnjiníà a máa ṣírò irin tí yóò gbé ilẹ̀ tuntun náà, olùyẹ̀wò a sì máa wá wo iṣẹ́ ní ìpele ìpele. Ìdí ni pé igi tó wà ní àjà tẹ́lẹ̀ wà fún síìlì nìkan, kò wà fún ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ọmọ kan náà tó san owó ẹnjiníà ní London kó tó fi pákó tẹ́ àjà, òun náà ni yóò fi fóònù sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Iléṣà pé kó ra sìmẹ́ǹtì, kí bíríkìlà sì da dẹ́kìn lé ilé baba wọn lórí. Èyí kò bójú mu. Ẹ̀mí baba tó wà nílé kò rọjú ju ẹ̀mí ẹni tó wà lókè òkun lọ.

Báwo ló ṣe yẹ kí ìṣirò náà lọ nígbà náà? Ká mú tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí ó ní ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò kọ sínú ìwé ni owó àyẹ̀wò. Kí ó pe ẹnjiníà ìkọ́lé tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń fi orúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹnjiníà náà yóò ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta, kó lè rí bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó, kó sì mọ irú ilẹ̀ tó jókòó lé. Bí òpó bá wà, yóò fi ohun èlò tó dà bí òòlù kan án láti mọ bí kọnkéré rẹ̀ ṣe le tó. Yóò wo ibi tí ògiri ti sán. Bí ó bá sọ pé ilé náà kò lè gbé òkè, owó àyẹ̀wò yẹn kò ṣòfò. Òun ló gba gbogbo owó yòókù là.

Èkejì ni owó àwòrán àti ìwé àṣẹ. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé ilẹ̀ kì í ṣe ìwé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 àti ìlànà ìkọ́lé orílẹ̀-èdè ti 2006 wà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà sì ní ọ́fíìsì tó ń rí sí i. Ẹni tó bá fò ìlà yìí lè pàdé àmì pupa lára ògiri rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì.

Ẹ̀kẹta ni owó tí kì í hàn lójú, òun ló sì ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Bí ẹnjiníà bá ní ilé náà ṣeé gbé òkè lé, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbin òpó tuntun sí i, òpó tó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí bíìmù so wọ́n pọ̀, kí ẹrù òkè má bàa jókòó lé ògiri àtijọ́. Wọn yóò fọ́ ilẹ̀ yàrá, wọn yóò la ògiri, wọn yóò tún rẹ́ ẹ, wọn yóò tún kùn ún. Aládùúgbò kò ní rí ohun tuntun kankan lókè, bẹ́ẹ̀ owó ńlá ti wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fo èyí nítorí pé kò gbé ògo wá.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ òrùlé. Páànù tí wọ́n bá ṣí, ihò ìṣó ti wà lára rẹ̀. Kì í sábà ṣeé lò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Síìlì àti wáyà iná yóò bá a lọ. Níbo ni ìyá àti àwọn ọmọ yóò máa gbé? Owó ilé tí wọn yóò gbà fún oṣù mélòó kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ó dára jù láti ṣí òrùlé, nítorí òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Ẹ̀karùn-ún ni àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí rẹ̀ rárá. Bí òkè bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ga ní ínṣì méje, ìgbésẹ̀ 17 ni yóò jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é lọ tààrà, yóò gba gígùn tó ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ. Yàrá kan ló máa ń jẹ nísàlẹ̀ nìyẹn. Kí baba ẹni àádọ́rin ọdún sì bi orúnkún ara rẹ̀ léèrè bóyá yóò lè máa gun ìgbésẹ̀ 17 lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni dẹ́kìn fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Dẹ́kìn kì í ṣe ohun tí à ń dà lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Irin, pákó, ọparun tí wọ́n fi ń tì í nísàlẹ̀, yanrìn, gíránáìtì, sìmẹ́ǹtì àti owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré, nítorí náà ẹni tó bá yọ ọparun lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta torí pé ó fẹ́ dá a padà fún ẹni tó yá a, ewu ló ń fà. Ògiri, òrùlé tuntun, iná àti omi ló wá kẹ́yìn.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé ni owó àìròtẹ́lẹ̀. Fún ilé àtijọ́, kò yẹ kó dín ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó náà, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti fi hàn pé owó àìròtẹ́lẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan kò tó ₦3,000 ní 2019. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò, tí iye náírà sì ti já wálẹ̀ láti àárín ọdún 2023, ó ju ₦10,000 lọ ní àwọn ibìkan. Ó di pé kí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ìpàdé ní oṣù Kejì ọdún náà, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹni tó ti ṣí òrùlé rẹ̀ nígbà tí owó sìmẹ́ǹtì fò sókè báyìí kò ní ibi tí yóò sá sí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn fi kọ́ ilé àwọn, òótọ́ sì ni. Èèyàn lè ra gíránáìtì àti yanrìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè ra irin kó sì kó o sí abẹ́ ibòji tí òjò kò dé. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun ìpamọ́. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ nílẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Ilé tuntun lórí ilẹ̀ òfìfo ṣeé kọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá lè gbé iṣẹ́ dé orí páànù tuntun, kí onílé má ṣe ṣí páànù àtijọ́.

Ọ̀ràn kan tún wà tí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò, ìyẹn ọ̀ràn ẹbí. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹni tó kọ́ òkè lé e kò tipa bẹ́ẹ̀ di onílé. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ wa, tí àwọn ilé ẹjọ́ náà ń tẹ̀ lé, ohun tí ọmọ ẹbí kan bá kọ́ sórí ohun ìní ẹbí, ti ẹbí ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi owó òógùn ojú wọn kọ́ òkè, tó sì di ìjà lẹ́yìn ikú baba. Kí wọ́n pe ẹbí jọ, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn olórí ìdí igi fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Àwọn kan yóò sọ pé bíríkìlà àwọn ti ń kọ́lé láti ọgbọ̀n ọdún, pé kò sí èyí tó wó nínú ilé tó kọ́. Kò sí ẹni tó ń bu iṣẹ́ bíríkìlà kù. Bíríkìlà gidi mọ bí wọ́n ṣe ń to bulọ́ọ̀kù kó gún régé. Ṣùgbọ́n kò ní ojú tó fi ń rí inú ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìṣirò ẹrù. Àwọn mìíràn yóò ní owó ẹnjiníà ti pọ̀ jù. Kí wọ́n fi wé owó dẹ́kìn kan ṣoṣo tí wọn yóò wó dànù, kí wọ́n wá sọ èyí tó pọ̀ jù.

Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ilé kò lè gbé òkè, kì í ṣe òpin ayé. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé, yàrá méjì tí a kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lè wá ayálégbé bíi ti òkè, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kó jáde. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá sì ti dàgbà gbọ́dọ̀ ṣírò iye ọdún tí owó ilé yóò fi dá owó tó ná padà, kó fi wé ọjọ́ orí rẹ̀, kó tó kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì sínú kọnkéré. Oògùn àti oúnjẹ ọ̀la náà wà nínú owó yẹn.

Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ipa tiwọn. Àyẹ̀wò ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ará Èkó nìkan lè rí. Bí ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní ẹnjiníà kan tí àwọn ará ìlú lè lọ bá, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju apá wọn lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bèèrè kí wọ́n tó kọ́lé. Ó rọrùn fún àwọn aláṣẹ láti wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri nígbà tí ilé bá ti sán. Ìmọ̀ràn tó ṣáájú dẹ́kìn ni ará ìlú nílò.

Kí àwọn ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun náà yí ìbéèrè wọn padà. Dípò kí wọ́n máa béèrè pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti da dẹ́kìn?", kí wọ́n béèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹnjiníà sọ nípa ìpìlẹ̀?" Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, kí wọ́n fi owó tó kàn rán ẹnjiníà náà wá.